Àdéhùn Ìpanumọ́

"Mi ò ní fọwọ́ sí ìwé àdéhùn yìí, Lọ́yà. Ẹ ṣèlérí pé àwọn ilé iṣẹ́ yẹn á dúró níwájú adájọ́, wọ́n á sọ ohun tó pa ọkọ mi."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù kan ní Houston ni Bísọ́lá ti ń sọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1986, ọmọ rẹ̀, Fúnmi, sì ń sùn léjìká rẹ̀. Táǹkì kẹ́míkà ni Lérè, ọkọ rẹ̀, ń fọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní La Porte títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi bàjẹ́. Kó tó kú, òun àti àìmọye òṣìṣẹ́ para pọ̀ pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Dàpọ̀ Láyíwọlá ni agbẹjọ́rò gbogbo wọn. Bó bá dìde ní kóòtù, ṣe ni lọ́yà àwọn olówó máa ń làágùn.

"Ìyá Fúnmi, ẹ fara balẹ̀," ni Dàpọ̀ wí. "Wọ́n ti gbà láti san owó gbà-má-bínú. Kìkì pé ẹnì kankan ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́míkà yẹn síta mọ́ láéláé."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

"Àwọn tó ṣì ń fọ táǹkì ńkọ́?"

Dàpọ̀ ṣí ìwé náà sí ojú ewé ìkẹyìn. Ó mọ̀ pé òun lè jàre. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ á falẹ̀, ilé tó ń kọ́ sí Sugar Land, tó fẹ́ fi ìpín tirẹ̀ nínú owó náà parí, ò sì lè dúró de adájọ́. Ó na báírò sí Bísọ́lá. Bísọ́lá wo ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé náà, omijé ń ro sórí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni òkìkí Dàpọ̀ ti kàn. Ìwé ìròyìn gbé àwòrán rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì fi í joyè alàgbà. Ṣùgbọ́n Lérè ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá ń wakọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, á máa gbọ́ ẹnì kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀, bí ọkùnrin náà ti ń mí lórí ibùsùn ọsibítù lọ́jọ́ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kìlọ̀ fáwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀." Á tan rédíò. Mímí náà á sì gba inú orin jáde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn wá kí Dàpọ̀. Bíyìí, ọkọ, dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ bá wa yọ̀, sà. Mo ti ríṣẹ́! Táǹkì kẹ́míkà ni mo fẹ́ máa fọ̀ ní La Porte."

Ilé iṣẹ́ tó pa Lérè gan-an ló dárúkọ. Dàpọ̀ tún gbọ́ mímí náà lẹ́yìn rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

"Kí ló dé, sà?"

"Kò sí. Ẹ kú oríire."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà fún un, sà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Dàpọ̀ wo àyà Bíyìí, bó ti gbòòrò tó nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó dijú, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí iṣẹ́ náà tọ́jọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Àmín!" ni Bíyìí kígbe.