Òdo Méje

Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kí irun tí Bàbá Onígbàjámọ̀ ń gé lórí mi má hù mọ́ láéláé. Télọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín níbi ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. Rẹ́rìn-ín lọ, ṣáà ti gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ńlá tó wà lójú títì lọ́hùn-ún. Mi ò kàwé, mi ò sì tijú ẹ̀. Bí mi ò bá gbálẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, gbogbo kọ̀ǹpútà wọn á máa sín bí ẹni tó fa ata símú. Ìwé ni mi ò mọ̀, mo mọ nọ́ńbà. Òdo àti ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè fi tàn mí jẹ.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn rèé. Wọn kì í kó gbogbo kọ̀ǹpútà sójú kan. Wọ́n kọ́ àwọn yàrá onírin kéékèèké kiri ẹ̀yìn àdúgbò, wọ́n to kọ̀ǹpútà àti bátìrì síbẹ̀, kí iṣẹ́ àdúgbò yẹn lè parí síbẹ̀, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Àwọn iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ní oríta, inú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń gbàṣẹ. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àpótí dúdú kan wà tí kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ròyìn. Bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó, bí fáànù ṣe ń yí, iṣẹ́ mélòó ló dúró tí kọ̀ǹpútà ò tíì ṣe, ilẹ̀kùn ṣí ni àbí ó wà ní títì, gbogbo ẹ̀ ló ń rán sí ọ́fíìsì láìdákẹ́. Olófòófó la sọ ọ́. Àwọn àgbà ní olófòófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Tiwa ò tiẹ̀ gbọpẹ́, èébú nìkan ló ń fà wá fún èèyàn.

Aǹtí Onígíláàsì ló ń wo àwọn nọ́ńbà yẹn lára ògiri. Ojú obìnrin yẹn mú débi pé bí eṣinṣin bá bà sí ògiri, ó mọ ohun tó ń rò. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí mò ń pè ní Bọ̀dá, wà lára àwọn tó ń tún yàrá onírin ṣe. Ooru ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ẹyin tútù tí mo fi sápò wọbẹ̀ rí, ó ti jinná kí n tó jáde. Tí Bọ̀dá bá wá ṣílẹ̀kùn kó lè mí, Olófòófó á ti ròyìn, Aǹtí á pè é pé eruku ń wọlé, kó ti ilẹ̀kùn. Bí Aǹtí ò bá pè é, Ọ̀gá ọ́fíìsì á pè, á sì bú u mọ́ ìran bàbá ẹ̀.

Mo ní kí Bọ̀dá fi sílẹ̀ fún mi. Olófòófó ní ojú kan lára férémù ilẹ̀kùn. Irin òòfà, ìyẹn irin tó ń fa irin mọ́ra, wà lára ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀. Tí irin òòfà bá sún mọ́ ojú yẹn, òdo ni: ilẹ̀kùn wà ní títì. Tó bá kúrò, ọ̀kan ni: ó ti ṣí. Mo wá gbé ògbólógbòó sìpíkà kan, mo fọ́ irin òòfà inú ẹ̀ sí méje. Mo lẹ ẹyọ kan mọ́ ojú Olófòófó ní yàrá tí Bọ̀dá sábà máa ń tún ṣe. Látọjọ́ náà, ilẹ̀kùn yẹn lè rìnrìn àjò kó padà, òdo ni Olófòófó máa sọ.

Bọ̀dá yìn mí títí. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́, wọ́n wá bẹ̀ mí, wọ́n sì pín mẹ́fà tó kù láàárín ara wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọba ni mí. Bàbá, ẹ ní èmi ni mo kọ́ Olófòófó nírọ́ pípa? Ọmọ tó bá jọ mí, ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni?

Ọjọ́ náà wá dé. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú bí irú tòní yìí. Mò ń nu tábìlì ni nọ́ńbà ooru yàrá kan pọ́n lára ògiri. Àádọ́ta. Fáànù ibẹ̀ dúró. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn níbẹ̀, kò sí èyí tó ń jáde. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Aǹtí ní bátìrì ló fẹ́ gbiná. Ọ̀gá jáde wá.

Gáàsì kan wà lókè àjà yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀. Tó bá ti tú jáde, iná ò ní rí èémí mí mọ́. Èèyàn tó bá wà níbẹ̀ náà ò ní rí i mí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, agogo á dún níbẹ̀, wọ́n á dúró kí ẹni tó wà nínú ẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ òdo látàárọ̀, agogo ò ní dún. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?

"Òdo ni, Ọ̀gá," Aǹtí ní. "Òdo látàárọ̀."

Ọ̀gá ní tó bá ti di ọgọ́ta, kó tẹ̀ ẹ́.

Mo béèrè pé yàrá wo ni. Wọ́n ní ti ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń gbé oúnjẹ lé ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́, etí mi ni Bọ̀dá ti sọ pé ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù lòun ń lọ. Àkísà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, Bọ̀dá wà níbẹ̀."

Ọ̀gá ò tiẹ̀ wò mí. Ó ní ṣé èmi tí mo fọwọ́ lásán mú ejò lábẹ́ tábìlì òun lánàá ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ẹnu ṣe ń ṣe èèyàn. Wọ́n pe fóònù Bọ̀dá, ó dún títí, kò gbé e. Ọ̀gá ní á máa sùn lábẹ́ igi kan. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

"Irọ́ ni òdo yẹn," mo ní. "Èmi ni mo lẹ irin òòfà mọ́ ọn."

Ọ̀gá ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ láyé tí mi ò ní sọ pé èmi ni mo ṣe é. Ìka Aǹtí ti wà lórí bọ́tìnì. Ó fi ọwọ́ kejì fa nọ́ńbà ilẹ̀kùn yẹn sẹ́yìn. Àná, òdo. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òdo. Ogójì ọjọ́, òdo, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Ta ló pààrọ̀ bátìrì níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ibo ló gbà wọlé?"

Yàrá yẹn ò ní fèrèsé. Aǹtí ká ìka ẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnì. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ẹ̀yìn alùpùpù Ọ̀gá ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré tí mo fi ọkàn sá, mo ti débẹ̀ ṣáájú alùpùpù. Òkúta tí Bọ̀dá fi ń há ilẹ̀kùn wà nílẹ̀. Bàtà ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èéfín dúdú ń jáde lórí méjèèjì.

Mo wọlé. Ibi tí mo ti máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀ rèé, mo wò ó títí, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ bù mọ́ ọn. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ẹ̀yìn bátìrì ni mo ti tẹ ẹsẹ̀ èèyàn mọ́lẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo dìmú, mo fà á jáde bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá pariwo sínú fóònù pé kí Aǹtí tẹ̀ ẹ́. A gbọ́ gáàsì tó ń sín lẹ́yìn wa. Bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ni...

Ó wà láàyè. Ohùn ẹ̀ ló bọ́ sínú àyà, kò tíì jáde. Ó ń fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀gbọ́n mi ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Lálaalẹ́ tí mo bá wọlé, á fi atẹ́gùn lásán bi mí pé, "Mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

Màá ní, "Mo ti yọ gbogbo ẹ̀, Bọ̀dá."

Mi ò yọ ìkankan. Mi ò mọ yàrá tí wọ́n wà. Mo bi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú ní òun ti yọ tòun, ojú tí mo fi ń parọ́ gan-an ni wọ́n sì fi wò mí. Ọ̀gá rò pé ẹyọ kan ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ọ́fíìsì, ó ní mo gba ẹ̀mí là. Látìgbà yẹn, tí mo bá ń gbálẹ̀ lábẹ́ ògiri yẹn, màá wòkè, òdo ni mo máa rí, òdo tò lọ bí ẹyin. Mẹ́fà ń parọ́ níbẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́. Ẹ sì wo oòrùn.

Télọ̀ ní kí ni? Pé ọ̀kan ti di méje, lọ́la á di àádọ́rin? Èyí kì í ṣe àbùmọ́. Bàbá, ẹ bá mi dá sí i, kí ni kí n sọ fún Ọ̀gá? Ẹ̀rọ ìgẹ́run yín ti dákẹ́. Aṣọ ti kúrò lọ́rùn mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ sí i, àwọn òdo yẹn ṣì ń dúró dè mí lára ògiri.

"Irun tí mò ń gé fún ọ ti parí tipẹ́, Àbùmọ́. Irọ́ tòní ti tó, dìde."

"Máa lọ sílé, jàre, kí n ráyè ránṣọ mi."