Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Ọ́fíìsì Aláìnílé

Kí-ló-fà-á ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìgbìmọ̀ ìlú ń pè mí, orúkọ náà kò sì bí mi nínú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti rú mi lójú, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Nígbà tí à ń jíròrò ètò ìṣúná ìlú lọ́dún yẹn, Alága fẹ́ yọ owó tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó ilé ń dá láàmú, èyí tí a fi ń bá wọn san án kí onílé tó lé wọn jáde. Ó ní kí a fi tún ọ̀nà ṣe.

"Ọdún kan gbáko, ẹni mélòó ló wá gbà á? Wọn ò kún ọwọ́ kan. Oúnjẹ tí ebi rẹ̀ kò pa ará ìlú, kí la ń sè é fún?"

Gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ò mi tèmi. Ṣebí ojoojúmọ́ là ń rí ẹrù àwọn tí wọ́n lé jáde lójú títì: bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, ọmọ tó jókòó lé àpótí. Kí ló wá fà á tí wọn ò wá gba owó?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín in. Akọ̀wé ibẹ̀ ń fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin. Mo rí àwọn èèyàn tó ń bọ̀. Wọ́n á dúró, wọ́n á gbójú sókè wo pátákó ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Bàbá kan tilẹ̀ ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kó tó yí padà.

Bí mo ṣe ní kí n dìde ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀. Ó wo òkè, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó kọjá. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ ń lọ?"

"Òwú ni mo fẹ́ rà."

"Níbí? Ṣebí ẹ̀yìn ilé yín ni olówùú wà."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní onílé ti fún òun di ìparí oṣù láti kó jáde. Ó dùn mí wọra pé èmi àbúrò rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

Ó nàka sí pátákó náà: Ọ́FÍÌSÌ ÀWỌN ALÁÌNÍLÉ. Àwa ìgbìmọ̀ fúnra wa la yan orúkọ yẹn, a tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

"Èmi, aláìnílé?" Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó mì í sí mi létí. "Kí wá lèyí? Kí àwọn oníbàárà mi rí mi níbẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. O ò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ṣèlérí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, mo ní kí wọ́n fi owó náà sílẹ̀, kí wọ́n yọ pátákó. Ẹni tó ṣì ń gbé inú ilé kò ní wọ ọ́fíìsì aláìnílé. Ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ ti pàdánù ilé rẹ̀ ná, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Alága rẹ́rìn-ín. "Kí-ló-fà-á, ta ló torí pátákó sá fún owó? Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo wá."

Mo rántí ìlérí mi. Mo wolẹ̀.

Àga kan dún lẹ́yìn, níbi tí ará ìlú ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló dìde. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wá. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè.

"Èmi ni. Mo ṣì nílé títí di ìparí oṣù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dúró di ìgbà tí pátákó yẹn bá bá mi mu kí ẹ tó ràn mí lọ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága wo kọ́kọ́rọ́ náà títí, ó wá bi akọ̀wé ìgbìmọ̀ ibi tí wọ́n gbé àkàbà sí.