Ìmọ́lẹ̀ Inú Gààrí Tantie Odette

Èmi Perpétue ni mo gbé oògùn náà dé Gbaffo, abúlé kan nítòsí Dassa, kí ẹnikẹ́ni má wá ẹlòmíràn bú. Ní labo, ilé àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou, a máa ń po oògùn kan tó ń tú àṣírí májèlé inú gbágùúdá. Bí a bá kán an sínú omi tí májèlé náà wà, tí a tan lámpù pàtàkì kan sí i nínú òkùnkùn, omi á máa tàn ní àwọ̀ búlúù. Bí májèlé kò bá sí, kò ní tàn.

Estelle ló pè mí. Diane ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò lè rìn dáadáa mọ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, májèlé inú gbágùúdá sì lè fa irú rẹ̀. Ìyá ọkọ Estelle, Tantie Odette, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ń tọ́ ọmọ náà, gààrí ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń fún un jẹ.

"Bí gààrí yẹn bá tàn, mo ń mú ọmọ mi lọ," ni Estelle wí lójú gbogbo wa.

Tantie rẹ́rìn-ín. "Ẹ dán an wò. Ọjọ́ mẹ́rin ni gbágùúdá tèmi ń lò lábẹ́ òkúta kí n tó dín in. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo fún un ní ìgò kéékèèké méjì kó bu gààrí sí ọ̀kan. Nígbà tó gbé wọn dé, a ti fèrèsé iyàrá, mo bu omi sí gààrí, mo kán oògùn sí i, mo tan lámpù. Ó tàn yòò.

Tantie Odette, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Dárí jì mí. Èmi ni mo ba ẹsẹ̀ ọmọ náà jẹ́." Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Kò pẹ́ tí Estelle fi gbé Diane sórí zem, ọ̀kadà akérò, ó di Dassa, ó di Cotonou.

Ìgbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni mo bu omi lásán sínú ìgò kejì. N kò kán oògùn kankan sí i. Mo tan lámpù sí i, ó tàn.

"Tantie, kí lẹ fi fọ ìgò yìí?"

"Ọṣẹ oníyẹ̀fun, èyí tó ń mú aṣọ funfun. Ṣé inú ìgò eléruku ni màá ti bu nǹkan fún àlejò? Mi ò tiẹ̀ ṣan án tán, kó lè máa ta sánsán."

Ọṣẹ náà ló ń tàn! Omi lásán ni wọ́n kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ dán wò, ìgbéraga ò jẹ́ kí n ṣe é. Mo fi omi gbígbóná ṣan ìgò títí, mo bu gààrí mìíràn sí i, mo tún un dán wò. Kò tàn rárá. Kí ló wá ń ṣe ẹsẹ̀ Diane? N kò mọ̀.

Mo pe Estelle, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí kì í bá ṣe gààrí, kí ló dé tí Màmá fi fẹnu ara wọn jẹ́wọ́?" Ó pa fóònù.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Tantie jókòó tì mí, ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó ti gbọ́, àbí?" ó ní. "Ṣé lónìí ni wọ́n ń bọ̀, tàbí lọ́la?"