Ilẹ̀kùn Wáyà Alhaja Wàsílátù

"Dúró síbẹ̀, Bàbá Táyọ̀! Má sún mọ́ mi mọ́!"

Alhaja Wàsílátù ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ìdajì, ojú kan ṣoṣo ló kù tó fi ń wo àgbàlá. Olúbọ̀wálé bàbá Táyọ̀, ayálégbé rẹ̀ tó ń gbé lókè, dúró lẹ́bàá kànga, ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún, okùn lọ́wọ́ òsì. Ajá pupa kan ló wà nídìí okùn náà, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó yọ ahọ́n síta. Ajá ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan o, ṣùgbọ́n Alhaja di ilẹ̀kùn mú gírígírí.

"Ẹ má bínú, Màmá." Olúbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ tòun ti okùn. "Gbogbo àwa ayálégbé la fọwọ́ sí ìwé yìí. Ohun méjì la fi ń bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí Bíńgò máa ṣọ́ ilé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká fi pákó àti wáyà ṣe ilẹ̀kùn sídìí àtẹ̀gùn, kó má baà gun òkè lọ bá àwọn ọmọ."

"Ajá? Nínú ilé tèmi?"

"Màmá, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Abórìṣàdé níwájú wa yìí. Wọ́n kó tẹlifísàn, wọ́n kó rédíò, wọ́n tún ṣá bàbá arúgbó ládàá. Àtìgbà tí ìjọba ti san owó Údójì, àfikún owó oṣù yẹn, làwọn olè ò ti jẹ́ ká sinmi ní Ìsọlọ̀. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ, ọkàn mi kì í balẹ̀."

"Kó wá máa fẹnu kan kẹ́tù àlùwàlá mi? Mùsùlùmí ni mí o! Mú un kúrò níbẹ̀. Bó o bá fẹ́ràn rẹ̀ jù, kí ìwọ àti òun jọ lọ wá ilé mìíràn."

Ó ti ilẹ̀kùn gbàà.

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá tó sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Obìnrin tó fi owó aṣọ títà ní Òṣòdì kọ́ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì, tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, tí kò bẹ̀rù agbowó-orí, ajá ló ń sá fún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ajá dìgbòlugi bu Mùnírù àbúrò rẹ̀ jẹ ní Ìsẹ́yìn. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, gbogbo ilé ti gbàgbé, kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi. Wàsílátù ló gbé igbá omi náà wá fún un, òun ló rí bí Mùnírù ṣe figbe ta tó fi orí gbá ògiri. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n sin ín. Kò sọ ọ́ fún ayálégbé kankan rí, àbí ta ni yóò máa bọ̀wọ̀ fún onílé tó ń sá fún ajá?

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti sá aṣọ. Ibẹ̀ ló ti rí i. Wọ́n ti gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ níhà mẹ́ta. Ọ̀kan nínú irin fèrèsé náà ti tẹ̀ sínú. Ipa ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kan wà lára ògiri, èèyàn lè ka ọmọ ìka rẹ̀ márààrún. Abẹ́ fèrèsé yìí gan-an ni ìrọ̀rí rẹ̀ wà.

Òun nìkan ló ń gbé ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánò. Ẹni tó tẹ irin kan lánàá yóò padà wá tẹ ìkejì. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó fọwọ́ ra ògiri títí tó fi dé ìdí àtẹ̀gùn.

"Bàbá Táyọ̀! Jọ̀ọ́, wá wo nǹkan. Kó o sì pe káfíńtà wá."

Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, Fákúnlé káfíńtà ti dé tòun ti pákó àti wáyà. Bó ṣe ń wọn ìdí àtẹ̀gùn, Alhaja dúró lókèèrè.

"Òkè ni kẹ́ ẹ ti ajá yẹn mọ́. Kó máa gbó láti òkè."

Fákúnlé rẹ́rìn-ín. "Alhaja, olè tó fo fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé, ṣé òkè ló ń lọ ni? Ẹ̀yin lẹ wà nísàlẹ̀. Ajá tí wọ́n tì mọ́ òkè, ariwo lásán ló máa pa."

Alhaja wo àtẹ̀gùn, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá tirẹ̀.

"Ó dáa. Ṣe ti àtẹ̀gùn nítorí àwọn ọmọ. Kó o wá ṣe òmíràn sẹ́nu ọ̀nà tèmi. Kí ajá máa rìn kiri. Èmi ni kó o ti wáyà mọ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nilé lẹ fẹ́ wọ àgò bí adìyẹ?"

"Àgò sàn ju sàárè lọ. Kan ìṣó rẹ. Inú ni kó o fi ìkọ́ rẹ̀ sí, kó jẹ́ èmi ni n óò máa ṣí i." Ó yíjú sí Olúbọ̀wálé, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ajá ló pa àbúrò mi. Dìgbòlugi ni."

Olúbọ̀wálé tẹrí ba. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Wọ́n ti fún Bíńgò lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Mi ò jẹ́ mú un wọ inú ilé láìgba abẹ́rẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀kùn méjèèjì parí, Alhaja wọlé, ó fi ìkọ́ há a, ó ní kí wọ́n tú ajá sílẹ̀. Ajá ò wo ibòmíràn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sáré wá. Ó ń gbóòórùn wáyà láti ìsàlẹ̀. Alhaja fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó, ó ń ka àdúrà lábẹ́nu. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ajá dùbúlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn.

Olúbọ̀wálé mú ìwé wá, tòun ti páàdì yíǹkì. "Ìtẹ̀ka yín ló kù, Màmá." Ó wo ojú wáyà. Ìwé ò lè gba ibẹ̀ kọjá. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ so ajá."

"Má so ó." Omi ti lé sójú Alhaja. "Tí mo bá fẹ́ jáde ṣe àlùwàlá ní ìdájí ọ̀la, tí o wà níbi iṣẹ́, ta ni yóò bá mi so ó?"

Ó mú ìkọ́. Ó fi í sílẹ̀. Ó tún un mú, ó ṣí i, ó sì yọ ẹsẹ̀ kan síta.

"Bíńgò," ó pè é, ohùn rẹ̀ ò jọ ohùn onílé rárá. "Sún fún mi. Mo fẹ́ tẹ̀ka."