Ọjọ́ Tí Àwọn Àlejò Wá Wo Ilé Àlàmú

"Jáde síta díẹ̀, Ràbíátù. Àwọn àlejò fẹ́ wo yàrá yìí."

Ràbíátù kò tètè dìde lórí ẹní. Ó gbé fìlà tó ń rán sórí itan, ó wo Làsísì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ àti olórí ẹbí, tó fi agbádá dí ẹnu ọ̀nà.

"Opó mi ńkọ́, Baálé? Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù."

Nùréènì ọkọ rẹ̀, káfíńtà, ti kú, ó ku díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn ní kí opó fi jókòó, àmọ́ ilé Àlàmú ní Ìfàkò fi tiwọn kún un. Opó tó bá fẹsẹ̀ tẹ títì kí ọjọ́ tó pé ti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, kò ní yàrá nílé náà mọ́. Èyí tó bá jókòó parí ni yàrá ọkọ rẹ̀ máa jẹ́ tirẹ̀ títí ikú. Ràbíátù kò bímọ. Yàrá yìí nìkan ló kù tó lè pè ní tirẹ̀ láyé.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sẹ́yìnkùlé."

"Wọ́n kún ibẹ̀, wọ́n ń wo kànga. Iwájú ni kó o gbà. Èmi olórí ẹbí ni mo ní kó o jáde. Ta ló máa bi ọ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ó dé fìlà òyìnbó. Olúgbénró ni, òun ló kó àwọn akọ̀wé iléeṣẹ́ kan wá láti Ìkẹjà nínú bọ̀lẹ́kájà, kí wọ́n lè wo àwọn ibi àtijọ́ káàkiri Agége. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, a ò ní pẹ́," ló wí.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ràbíátù mọ òwe náà dáadáa, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bá Làsísì fa ọ̀rọ̀. Ó fi ìborùn bojú, ó gba iwájú ilé jáde.

Oòrùn dun ojú rẹ̀. Àwọn aláàárù tó ń ti ọjà bọ̀ wò ó títí wọ́n fi kọjá. Láti ojú fèrèsé, ó ń gbọ́ Làsísì: "Orí bẹ́ẹ̀dì yìí gan-an ni baba ńlá wa, tó gbin kòkó síbí, kú sí."

"Ẹ wo igi ayé àtijọ́!" ni obìnrin kan wí.

Lọ́dún tó kọjá ni Nùréènì kan bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹ̀rín fẹ́ pa Ràbíátù, àmọ́ ó rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹ̀rín.

Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀, ó kọrí sílé. Làsísì ti ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ? Gbogbo àdúgbò rí ẹ ní títì. O ti ṣẹ́ opó."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ràbíátù yíjú sí Olúgbénró, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ó ṣojú yín. Ẹ bá mi sọ pé Baálé ni wọ́n ní kí n jáde."

Olúgbénró wo Làsísì, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹbí lèyí, kò kan àlejò. Ibi méjì ṣì kù tá a máa wò."

Ọkọ̀ gbéra. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń juwọ́: "Ó dàbọ̀ o, Ìyá! Ẹ ṣeun o!"

Kùdírátù, ìyàwó Làsísì, gbé ẹní ìkírun àti ẹrù aṣọ kan jáde wá fún un. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ìyálé mi, níbo ni kí n ti jókòó parí opó Nùréènì?"

Kùdírátù mú ìgbálẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó wọlé lọ gbá yàrá náà, nítorí pé àwọn tíṣà láti Ọgbà ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé.