Ẹsẹ̀ Gbádéró Tí Kò Gbọdọ̀ Sàn

Àlá kan ni Bàbá Ṣówándé lá lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀bà tán tó fẹ̀yìn ti àga. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rò ó fún ìyàwó rẹ̀, tí ìyẹn náà sì rò ó fún gbogbo àdúgbò.

Inú ọkọ̀ ogun ojú omi ni Bàbá Ṣówándé ti ń tọ́jú aláìsàn títí ewú fi bo orí rẹ̀. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà sí Ẹ̀pẹ́, ló ní òǹkọ̀wé lòun yóò dà. Ó fẹ́ kọ ìtàn kan nípa àwọn ọmọ ọkọ̀ tó bá a jẹ tó bá a mu, kí wọ́n má baà di ẹni ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ìwé tiẹ̀, ẹni tó ṣubú kì í rójú wo ibì kankan, Bàbá ti gbé e dìde! Kí ojú ìwé tó parí, ó ti wẹ egbò, ó ti fún un lóògùn, ara ti yá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ìtẹ̀wé ti dá ìwé náà padà. Wọ́n ní bí kò bá sí ẹni tí ìyà jẹ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta yìí, kó má wulẹ̀ gbé e wá mọ́.

Nínú àlá yìí, Bàbá jókòó sídìí tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì náà kan ti sán tipẹ́. Bàbá kò pe káfíńtà, báńdéèjì ló fi dì í. Àfi bí tábìlì ṣe la ẹnu.

"Bàbá, báńdéèjì yìí há mi lẹ́sẹ̀."

"Fara dà á. Mo máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la."

"Ọ̀la, ọ̀la! Láti ọdún Àjíǹde lẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀."

Tábìlì pòṣé, ó gbéra, ó tiro jáde. Ìyẹn kò ya Bàbá lẹ́nu. Ohun tó bí i nínú ni pé tábìlì kò ti ilẹ̀kùn. Ló bá tẹ̀ lé e.

Ìta ti di òkun. Ilé ìtẹ̀wé léfòó lórí omi tòun ti àtẹ̀gùn àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ ní kí Bàbá bọ́ bàtà kó má baà fi ìdọ̀tí ba òkun jẹ́. Bàbá bọ́ bàtà. Ọ̀gbẹ́ni Akínṣọwọ́n, olóòtú ìwé, ń dúró dè é lókè, ojú rẹ̀ le koko.

"Bàbá, lójú ìwé kejì, Gbádéró já bọ́ láti orí òpó ọkọ̀. Kí ló ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, sà."

"Ojú ìwé kẹta ń kọ́?"

"Ó ti ń sáré, sà."

"Ta ló wò ó sàn?"

"Èmi ni, sà."

Inú bí olóòtú débi pé ìwo yọ lórí rẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ó sì ń jẹ ojú ìwé kẹta. Bàbá fi ohun tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara há a lábẹ́ apá.

"Ara yín ò gbóná, sà. Ẹ kàn máa mu omi dáadáa."

"Ẹ ẹ̀ rí i!" ni òbúkọ kígbe. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Èèyàn ò tiẹ̀ lè di òbúkọ ní ìrọ̀rùn lọ́dọ̀ yín!"

Ó fi ìwo kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ṣí sínú yàrá ìtọ́jú tí Bàbá ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀. Gbogbo èèyàn inú ìwé rẹ̀ tò síbẹ̀. Wọn ò wá gba oògùn, wọ́n wá dá a padà ni. Ẹnì kan ní kí Bàbá dá ibà òun padà fún òun. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ní òun ti rán aṣọ ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ò jẹ́ kí ọkọ òun kú. Gbádéró ló kẹ́yìn, ó ń sáré yí yàrá ká, òógùn bò ó.

"Bàbá, ẹ bá mi dá ẹsẹ̀ mi padà bó ṣe kán."

"Ọmọ mi, ó máa dùn ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó dùn mí! Kò sí ọ̀rẹ́ tó gbé mi pọ̀n rí. Ìyá mi ò wá wò mí rí. Mi ò mọ ẹni tó fẹ́ràn mi. Láti ojú ìwé kẹta ni mo ti ń sáré, ó ti rẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ náà gún Bàbá lọ́kàn. Ó fẹ́ di ọmọkùnrin náà mú, àṣé báńdéèjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Báńdéèjì náà kò lópin. Ó di Gbádéró, ó di òbúkọ mọ́ ọn, ó di opó tí ọkọ rẹ̀ kò kú, ilé ìtẹ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

"Ẹ jù ú sílẹ̀!" ni gbogbo wọn ń pariwo.

"Ẹ má da ọpọlọ mi rú!" ni Bàbá jágbe. "Mi ò rí ẹni tó wà nínú ìrora kí n máa wò ó níran rí!"

Gbàà! Bàbá ta jí.

Báńdéèjì ti tú lẹ́sẹ̀ tábìlì, tábìlì ti dojú dé, ìwé sì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tinúkẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Mo sọ àbí mi ò sọ? Ẹ pe káfíńtà, ẹ pe káfíńtà, ẹ ní ẹ ti tọ́jú ẹ̀!" Ó ṣa báńdéèjì, ó nà án sí i. "Ẹ gbà, Bàbá Tinúkẹ́. Ẹ tún un dì."

Bàbá gbà á, ó wò ó títí.

"Fi tábìlì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Jọ̀ọ́."

Ó dojúbolẹ̀ sáàárín àwọn ìwé náà, ó mú bírò. Ó kọ ọ́ pé Gbádéró já bọ́, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, pé ó ń pe ìyá rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé tuntun, Gbádéró ṣì wà nílẹ̀.

Ìyá Tinúkẹ́, tí kò bèèrè ọ̀rọ̀ ìwé náà rí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Áà! Ta ló máa wá gbé e báyìí?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Bàbá wí, ó sì fi báńdéèjì nu ojú.