Ẹrù Tí N Ò Gbé Lọ sí Erékùṣù

Gbogbo ọjà Bouaké ló mọ ohun tó yẹ kí n ṣe ní erékùṣù ju èmi tí mò ń lọ lọ. Àwọn tí kò fojú kan òkun rí ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo òkun. Bí mo bá kí wọn pé ẹ káàárọ̀, ìmọ̀ràn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Ọkọ mi, Hàmídù, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fún àwọn oníṣòwò Faransé kan. Lọ́dún yẹn ni òfin tuntun dé pé kí òṣìṣẹ́ máa gba kọ́njé, kó sinmi, kí owó rẹ̀ sì máa wọlé. Àwọn èèyàn wa kọ́kọ́ rò pé ẹ̀tàn ni. Bàbá Ràímì, àgbà gbogbo àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Anago níbẹ̀, ní òun ò gbọ́ ọ rí láyé òun pé wọ́n ń sanwó fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n ní kí Hàmídù múra, kó máa lọ sílé lọ kí àwọn ẹbí. Hàmídù ní rárá, erékùṣù kan tó wà láàrin ọ̀sà Àbíjàn ni òun ń gbé ìyàwó òun lọ.

Nítorí oyún ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lóyún, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló bàjẹ́ lára mi. Abọ́ tánganran ni mò ń tà. Lọ́jọ́ ọjà Bodokro, a máa ń fi ọkọ̀ kó o lọ síbẹ̀, a ó sì rù ú wọ àwọn abúlé Baoulé tó yí ìlú náà ká. Ẹrù ọ̀hún wà lórí mi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ oyún kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹ̀kẹta ti wá pé oṣù mẹ́rin, agbẹ̀bí fọwọ́ kan ikùn mi, ó ní bí mo bá fẹ́ rí ojú ọmọ yìí, n ò gbọdọ̀ ru ohunkóhun mọ́, kí n sinmi.

Ta ló ń sinmi ní Bouaké? Bí mo bá dùbúlẹ̀ nílé wa ní N'Gattakro, àlejò á dé, ìyàwó ilé á sì dìde. Ògbómọ̀ṣọ́ kẹ̀? Ọjọ́ tí mo bá débẹ̀ gan-an ni wọn ó fa ọmọ odó lé mi lọ́wọ́, wọn ó ní ìyàwó wa ti ìdálẹ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí Hàmídù fi lọ bá Yísà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, tó sì ti dé erékùṣù náà rí.

"Ẹ̀gbọ́n, kò le," Yísà wí. "Láàárọ̀, kí ẹ rìn létí omi kí oòrùn tó mú. Ẹ jẹ ẹja yíyan pẹ̀lú atíkẹ́, ẹ mu omi àgbọn, ẹ sùn lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn sábẹ́ igi àgbọn o, èso rẹ̀ kì í kágò kó tó já lu èèyàn. Ẹ má wẹ̀ níbi tí òkun ti pàdé ọ̀sà, omi ibẹ̀ a máa fa èèyàn lọ. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù, ẹ má yà sọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Treichville, nínú Àbíjàn. Bí ẹ bá yà, ìkómọ ń bẹ, ìgbéyàwó ń bẹ, òkú ń bẹ. Kọ́njé yín parí nìyẹn."

Àwọn ará ọjà kò gbà. Àtọ́kẹ́ aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ní kí n ra ẹja gbígbẹ bọ̀, kí ìrìn àjò náà má baà jẹ́ òfo. Bàbá Ràímì fẹ́ kí a kọ́kọ́ yà kí àwọn àgbà Treichville. Mo ń dáhùn pé mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n kò ní ṣe é. Mo ti pinnu pé ohun kan ṣoṣo ni n ó gbé lọ, òun náà ni n ó sì gbé bọ̀.

Ìyá ọkọ mi ló ṣòro. Mọ́nsúrátù lorúkọ wọn, àwọn ni wọ́n kọ́ mi lówò abọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá dárúkọ agbẹ̀bí, ojú wọn á le.

"Ẹrù kì í ba oyún jẹ́," wọn á wí. "Ọlọ́run ní í fúnni, òun náà ní í gbà." Wọn á sì dìde kúrò níbẹ̀. Mo gbà lọ́kàn mi pé ìkà ni wọ́n, mo sì bínú sí wọn gidigidi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, a ti dé ibùdókọ̀ ojú irin, Hàmídù gbé àpò aṣọ wa lọ́wọ́, nígbà tí mo rí Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń bọ̀. Alábàárù kan ń tẹ̀ lé wọn, ó ru ẹrù abọ́ rẹpẹtẹ tí wọ́n fi aṣọ dì.

"Gbà," Màmá wí fún mi. "Wọn ò rí irú rẹ̀ ní erékùṣù. Obìnrin Anago kan ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ lọ́wọ́ òfo."

Hàmídù tí kò fẹ́ ìjà nawọ́ sí ẹrù náà, ó ní òun á máa gbé e fún mi.

"Ẹ fi sílẹ̀," mo wí fún un. "Bí ẹ bá gbé e wọlé, èmi ni n ó rù ú kiri. Mo mọ ara mi. Bí mo bá ti rí ọjà àti oníbàárà, ẹsẹ̀ mi ò ní gbélé." Mo kọjú sí Màmá. "Màmá, n ò gbé e. Ẹrù yìí ló pa ọmọ mi."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Òun ló pa wọ́n, Màmá. Agbẹ̀bí sọ ọ́."

"Mo ní kí o má sọ bẹ́ẹ̀!"

Àwọn èèyàn yíjú sí wa. Alábàárù sọ ẹrù kalẹ̀, Màmá sì jókòó lé e lórí.

"Mẹ́ta ni tèmi," wọ́n wí. Ohùn wọn ti wálẹ̀. "Kí n tó bí ọkọ rẹ, mẹ́ta ló bàjẹ́ lára mi lọ́nà Bodokro. N ò tìtorí ìkankan nínú wọn sọ ẹrù kalẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé Ọlọ́run ló gbà wọ́n. Bó bá wá jẹ́ pé ẹrù ni, Sèlíátù, ta ló pa wọ́n?"

Hàmídù yíjú sí ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí. Èmi náà wá ìbínú mi títí, n ò rí i mọ́. Àánú wọn ṣe mí débi pé omi lé rọ́rọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n àánú ò ní kí n ru ẹrù. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Màmá, kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Ká ní wọ́n sọ fún yín ni, ẹ̀ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ti sọ fún èmi. Bí mo bá gbé e lónìí tí oyún yìí sì bàjẹ́, n ò ní rí Ọlọ́run kankan tì í sí lọ́rùn."

Ọkọ̀ fọn fèrè. Mo dìde, mo gbọn eruku ara mi, mo wọlé láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, Hàmídù tẹ̀ lé mi. Mo dúró ti fèrèsé, mo di irin rẹ̀ mú, mo ń wò wọ́n. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. Orí ẹrù yẹn ni wọ́n wà, wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀, títí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbójú sókè tí wọ́n rí mi lórí ìdúró. Wọ́n fò dìde. Wọ́n ń sáré bá ọkọ̀ lọ, gèlè wọn já bọ́, wọn ò bojú wẹ̀yìn wò ó. Mo rò pé èpè ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣẹ́ fún mi.

"Jókòó!" wọ́n ń pariwo. "Sèlíátù, ọkọ̀ yẹn á máa mì ọ́! Má dúró, ọmọ mi, jókòó!"

Mo jókòó.